Àárín Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Ọkọ mi mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjà lọ́kọláya ló ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Sàká mọ iṣẹ́ débi pé bí tírélà tòmátì bá pẹ́ lọ́nà, tí òjò pa á, tí oòrùn tún pa á, tí ẹrù inú rẹ̀ ti ń di ọbẹ̀ kó tó wọ Mile 12, ohun tí àwọn ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé Ẹnjiníà dà. Òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbì kankan o. Apẹ̀rẹ̀ ló ń tún tò.

Bó ṣe ń tò ó rèé. Á ní kí wọ́n da gbogbo ẹrù sílẹ̀ lórí tapólì, á ṣa èyí tó dáa sápá kan, á ṣa ẹ̀ṣà sápá kejì. Ẹ̀ṣà là ń pe tòmátì tó ti rọ̀, tí awọ rẹ̀ ti bó, tí omi rẹ̀ ń yọ̀ bí ikun. Koríko gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ tẹ́ sí ìdí apẹ̀rẹ̀ kó lè fa omi, ẹ̀ṣà á sì gorí koríko. Lẹ́yìn náà ni á wá fi èyí tó dáa yí inú apẹ̀rẹ̀ ká, níbi tí apẹ̀rẹ̀ bá sì ti ní ihò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tòmátì tó pupa jù lọ ni á kọ síta níbẹ̀. Tó bá wá kan orí, á dojú ibi tí wọ́n ti já wọn délẹ̀, á tò wọ́n yípo-yípo, èyí tó pọ́n díẹ̀ létí, èyí tó pupa yòò láàárín. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ ya fọ́tò. Mo ti rí àwọn tó yà á.

Ó ń rí mi lára. Mo mọ̀ pé ìyàwó tó níwà á fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, á pè é ní wọn. Ẹ fi mí sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi, ẹ̀rọ ìlọta ni, ní Kétu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ Alápẹ̀rẹ̀ níbi tí à ń gbé. Gbogbo ohun tí Sàká bá bò mọ́lẹ̀ láàárọ̀, àwọn obìnrin á gbé e wá sídìí ẹ̀rọ mi lọ́sàn-án, ojú wọn á ti fà ro. Wọ́n á ní kí n bá àwọn wò ó bóyá a ṣì lè rí nǹkan yọ níbẹ̀. Èmi ni mo ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi ni mo ń ṣa ìdin. Mo gbin ẹfinrin sínú àwọn garawa tó ti fọ́, mo ń já a, mo ń ra á mọ́ ara tábìlì kí eṣinṣin lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá délé lálẹ́, oúnjẹ kì í wù mí. Ọkùnrin tó sì fa gbogbo rẹ̀ á ti wẹ̀, á ti bu lọ́fínńdà sára, á ti jókòó de ẹ̀bà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé wọ́n ń yìn ín. Tí mo bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní ìyàwó ọlọ́wọ́ ire ló ń lọ yẹn. Ọlọ́wọ́ ire! Ọwọ́ tó ń fi ìdin pamọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dá mi dúró, ó ní kí n bá òun bẹ Ẹnjiníà kó wá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun, nítorí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kò sì yẹ kí ẹ̀bùn Ọlọ́run kú mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọwọ́ náà dáa lóòótọ́ nígbà kan. Ìran afíngbá ni wọ́n, ní Ọ̀yọ́. Bàbá rẹ̀ fín igbá títí ọjọ́ ikú rẹ̀, Sàká fúnra rẹ̀ sì fín in kó tó wá sí Èkó. Ọ̀kan wà nílé wa tó fín fún mi nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, ẹyẹ ló fín yí i ká, ìyẹ́ wọn já mọ́ra wọn títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Tí ẹ bá rí igbá yẹn, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra igbá mọ́, nígbà tí ike wà? Ọwọ́ náà kò lè jókòó lásán, ó bá tirẹ̀ lọ sí Mile 12.

Ẹni bíni là ń jọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Oyin, obìnrin ni, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló sì jogún. Láti kékeré, tó bá bó ọsàn, èèpo rẹ̀ kì í já títí á fi dé ìdí. Tó bá fọ abọ́, bí á ṣe dojú wọn délẹ̀ sórí tábìlì, ẹ ó fẹ́ dúró wò ó. Ó ti ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ń dúró de yunifásítì tí kò pè é, mo sì ti pinnu pé kì í ṣe ọjà ni ọwọ́ yẹn máa bá lọ.

Èmi náà kọ́ ọ ní tèmi. Láti ìgbà tó ti lè gbé agbọ̀n ni mo ti ń mú un lọ sọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má lè rẹ́ ẹ jẹ. Mo sọ fún un pé kó má wo orí apẹ̀rẹ̀ láéláé, torí gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ̀gbẹ́ ni kó ti ọwọ́ bọ̀, kó rọra yọ́ ọ wọ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kó fa ọ̀kan jáde. Kó ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè, kó wo ilẹ̀ bóyá ó tutù, kó gbóòórùn ìdí rẹ̀. Kó wo eṣinṣin, torí eṣinṣin kì í ṣe ojúsàájú. Ó bi mí nígbà náà pé kí ló dé tí ọwọ́ kì í fi wọ àárín. Mo ní ọlọ́jà kò ní gbà, wọ́n á ní o fẹ́ tẹ ọjà àwọn fọ́, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. N kò tún èyí sọ lẹ́ẹ̀mejì. Oyin kì í jẹ́ ká sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń fi í yangàn lójú àwọn oníbàárà mi.

Ẹni tí mo fẹ́ fà á lé lọ́wọ́ ni Aunty Edith. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n Aunty ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ́síteètì kan tó ní géètì ní Ìkòsì ló ń gbé, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń se ọbẹ̀ sínú ike fún àwọn ìyàwó ilé tí kò ráyè dáná, ó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ́fíìsì, ó sì ń ṣe kéèkì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí kéèkì rẹ̀ kan tó ní òdòdó lára, mo fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Kò jẹ́ ra tòmátì láìsí èmi. Ó ti gbà pé òun á kọ́ Oyin níṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà òun á fi í sẹ́nu iṣẹ́ òun, bí òun bá ti rí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó dá Sátidé kan fún wa. N kò ní àdúrà mìíràn ní gbogbo oṣù yẹn ju pé kí Sátidé tètè dé, kí ọwọ́ ọmọ mi kúrò nítòsí apẹ̀rẹ̀ bàbá rẹ̀.

Àfi bí ọmọ yìí ṣe gbé oúnjẹ síwájú mi lọ́jọ́ kan tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Sátidé náà pé, tí mo gbóòórùn ẹ̀ṣà. Mo kọ́kọ́ rò pé ara èmi ni. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi, mo gbóòórùn tirẹ̀. Mo fa ìka rẹ̀ sábẹ́ iná, mo rí pupa abẹ́ èékánná rẹ̀. Kò purọ́ fún mi. Ó ní Daddy ti ń kọ́ òun láti ọjọ́ díẹ̀, òun sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀gbẹ́, ó ku orí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń tàn.

Mo gbé ẹ̀bà náà kúrò níwájú mi. Mo pe Sàká jáde, mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

"Iṣẹ́ ni mo ń kọ́ ọ," ó ní. "Tí igbá bá sán, kí ni bàbá mi máa ń ṣe? Wọ́n á fín ọnà gba ibi tó sán kọjá. Ẹni tó rà á á máa yin ọnà náà títí láé. Kí ni ìyàtọ̀?"

"Igbá tó sán kì í kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ ọlọ́mọ," mo dá a lóhùn.

Kò bínú. Sàká kì í bínú, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń rí mi lára nípa rẹ̀. Ó fara ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ayé fún mi. Ó ní kí n wo àwọn ará ẹ́síteètì tí mo fẹ́ gbé ọmọ lọ bá, bóyá wọn kì í kun géètì kí wọ́n tó tún páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ó ní kí n wo mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀, kí n wo ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, orí apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èyí tí mo ń rí yẹn. Ó ní ta ni kì í to tirẹ̀. Mo ní èmi kì í tò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn náà wà lára títò.

Mo kọjú sí Oyin, mo sọ fún un lójú bàbá rẹ̀ pé tí mo bá tún gbóòórùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ wá ìyá mìíràn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ kejì, ó ń tètè wẹ̀, ó ń wọ bàtà tó mọ́, ó ní òun ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòsì. Alaalẹ́ ni mo ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, kò rùn. N kò ronú kan ìbọ̀wọ́ rọ́bà rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tilẹ̀ ra aṣọ tí á wọ̀ lọ sọ́dọ̀ Aunty Edith.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Sátidé pé, Aunty Edith pè mí pé ọ́fíìsì kan fẹ́ gba oúnjẹ púpọ̀ lọ́wọ́ òun, kí n jẹ́ ká jọ lọ sọ́jà. N kò mú un gba ọ̀dọ̀ àwọn tí Sàká ń bá ṣiṣẹ́. Mo mọ gbogbo wọn, mo sì mọ ọwọ́ rẹ̀ níbikíbi tí mo bá ti rí i. Ọ̀dọ̀ Elkanah ni mo mú un lọ, díákónì kan tí kò tíì pẹ́ tó gba ìsọ̀, tó sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé Ẹnjiníà kò ní fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìdí ọjà òun.

Apẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Ìyẹn gan-an ni mo fi yàn án. Orí rẹ̀ rí játijàti, bí ìgbà tí wọ́n kàn da tòmátì sí i, àwọn kan tilẹ̀ ní àbààwọ́n díẹ̀. Mo sọ fún Aunty Edith pé apẹ̀rẹ̀ tí kò tún ara rẹ̀ ṣe kì í ní ohun tó ń bò. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, mo fa ọ̀kan jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó le, ó tutù, ó mọ́. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà ni. Mo ní kí wọ́n gbé e, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn ìdí rẹ̀, òórùn oko ló ń jáde. Eṣinṣin kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bà lé àwọn apẹ̀rẹ̀ tó yí i ká. Àwọn ènìyàn ti ń dúró wò mí. Wọ́n mọ̀ mí lọ́jà yẹn pé ojú mi mú, mo sì jẹ̀gbádùn bí wọ́n ṣe ń wò mí.

"Aunty Edith, ẹ gbé e," mo ní. "Tí èyí bá ní àbùkù, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

A gbé e dé kíṣìnì rẹ̀. Jessica, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló dojú apẹ̀rẹ̀ náà bolẹ̀ sínú bàsíà ńlá. Àwọn tó kọ́kọ́ yí jáde dáa, Jessica tiẹ̀ nu ọ̀kan mọ́ra, ó gé e jẹ. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúdú kan já bọ́ láti àárín, ó dún pọ̀tọ̀. Láílọ́ọ̀nù ni, wọ́n fi koríko gbígbẹ wé e ká bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó bẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tòmátì mọ́. Ó ti di omi pupa rúsúrúsú tó ń hó, awọ wọn léfòó lórí rẹ̀, ìdin funfun ń yí nínú rẹ̀ lójú wa, ó sì ṣàn lọ bá gbogbo èyí tó dáa. Òórùn náà gba kíṣìnì kan. Jessica tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré síta, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń bì.

Mo dúró, mo ń wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò, kí Ọlọ́run má fi bi mí, ni pé iṣẹ́ rèé. Ká rí ẹni tí á fi ẹ̀ṣà sí àárín, tí á fi èyí tó dáa sábẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí á tún wá da orí rẹ̀ rú kí ó lè dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Sàká kò mọ èyí. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ni Sàká mọ̀, ẹwà ló sì máa ń tú u fó. Mo ń ronú ẹni tó lè jẹ́ nígbà tí mo rí ewé kan tí wọ́n ti ra mọ́ inú koríko náà. Mo mú un, mo gbé e símú. Ẹfinrin ni.

Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Mile 12 tó ń fi ẹfinrin lé eṣinṣin nídìí tòmátì. Èmi ni mo ń ṣe é nídìí ẹ̀rọ mi, ọmọ mi ni mo sì máa ń rán pé kó já a wá. Ẹnì kan ṣoṣo náà sì ni mo sọ fún rí pé ọwọ́ kì í wọ àárín.

Aunty Edith kò pariwo. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ bo imú, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí àwọn èèyàn burúkú yìí bá lè rí ojú bíi tèmi fọ́, kò sẹ́ni tí wọn kò lè rẹ́ jẹ. Ó ń tù mí nínú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú rẹ̀ ń wọ̀ mí lára bí ìdin wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó mú mi lọ́wọ́.

"Ìyá Oyin, ẹ ṣáà mú ọmọ yẹn wá ní Sátidé," ó ní. "Mo fẹ́ rí ọwọ́ tó mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. I need it."

Mo ní ó dáa. Mo bu gbogbo ẹ̀gbin náà sínú garawa kan pẹ̀lú koríko rẹ̀ àti ewé rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Alápẹ̀rẹ̀. Àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ ń fọwọ́ bo imú, ọ̀kan ní ṣé òkú ni mo gbé ni. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo máa da garawa náà sílẹ̀ níwájú ọmọ yìí, mo máa jẹ́ kó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sunkún. Tó bá ti sunkún, mo máa mú un lọ sọ́dọ̀ Aunty Edith kí a jọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó bá sunkún ṣì ṣeé tún ṣe.

Mo bá òun àti Sàká ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń yan àgbàdo. N kò kí wọn. Mo da garawa náà sílẹ̀. Sàká fò dìde kó má baà ta sí i lára, ṣùgbọ́n Oyin kò kúrò lójú kan. Ó wo koríko náà. Ó wo láílọ́ọ̀nù tó ti ya. Mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n.

"Ilé Aunty Edith ni mo ti gbé e wá," mo ní. "Èmi ni mo bá wọn yàn án."

Sàká ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi igi yí koríko náà wò. Ó bi mí pé ibo ni èyí wà nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní àárín. Ó ní àárín báwo. Mo ní àárín gbùngbùn, pẹ̀lú èyí tó dáa lábẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn," ó ní. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Mummy ni," Oyin ní.

Kò fi ṣe èébú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń dúpẹ́ oúnjẹ. Ó ní Daddy ló kọ́ òun bí a ṣe ń bò ó, ṣùgbọ́n Mummy ló kọ́ òun bí a ṣe ń wá a. Ó ní ìdí ọjà Elkanah ni òun ń lọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti débẹ̀, ojú mi lòun ń rí tí òun bá ń to apẹ̀rẹ̀, pé ọjọ́ tí òun bá to èyí tí Mummy kò lè rí ìdí rẹ̀, ọjọ́ náà ni òun á mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́. Kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo máa rà á. Lẹ́yìn náà ló wá sún mọ́ mi lórí eékún rẹ̀, láàárín ìdin wọ̀nyẹn, ó ń wo ojú mi.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Níbo ni mo ti ṣe àṣìṣe? Ṣé orí ni àbí ẹ̀gbẹ́? Kí lẹ kọ́kọ́ rí?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo wá irọ́ náà títí. Ká ní mo lè sọ pé mo rí nǹkan, pé ilẹ̀ tutù, pé òórùn kan jáde, bóyá ìtìjú á mú un. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo apẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé á rí i.

"N kò rí nǹkan kan," mo ní. "Títí wọ́n fi dà á."

Inú rẹ̀ dùn. Kò fẹ́ kí n rí i, ó tẹ orí ba, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ń dúró de ẹkún, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, bí ọkùnrin, orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ẹ̀gbin náà, ó ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Sàká gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, irú èyí tí ọ̀gá ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù: kí ọwọ́ rẹ̀ máa ròkè, kí iṣẹ́ tó kọ́ má ṣe kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Oyin ń ṣe àmín. Tó bá dé òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì á dúró díẹ̀, wọ́n á gbójú sókè sí mi kí n ṣe àmín tèmi.

Mo ní kí Oyin dìde. Mo bi í pé kí ni kí n wá sọ fún Aunty Edith. Ó nu eékún rẹ̀, ó sì ronú sí i dáadáa, torí ọmọ tó máa ń ronú ni.

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni," ó ní. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọwọ́ mi. Wọ́n ti rí i."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn, mo pe Aunty Edith lórí fóònù, mo ní kó má retí wa mọ́ ní Sátidé. Ó bi mí pé kí ló dé, ṣé ara ọmọ náà kò yá ni. Láti ojú fèrèsé, mo ń wo Sàká tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Oyin, tí ọmọ náà ń fi koríko tuntun hàn án bí a ṣe ń wé e, tí òun náà ń gbìyànjú, tí kò ì mọ̀ ọ́n. Mo ní ara rẹ̀ yá. Mo ní ó ti kọ́ṣẹ́ tán.